‘Kò Sí’ Tí Ẹ Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Mi

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni lẹ́tà yìí tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ kú òwúrọ̀, bó bá jẹ́ lẹ́yìn àdúrà ni ẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú jígí ojú yín. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Mo kí Bàbá Akin, ẹ̀gbọ́n yín, àti gbogbo ilé yín ní Ìlọrà. Mo kí Títí, àbúrò mi, ìyàwó ọ̀la. Mo kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ kọ́ níwèé, tí wọ́n ṣì ń pè yín ní Tíṣà káàkiri Fìdítì. Ó yá, mo ti kí yín tán. Inú ń bí mi, Màmá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya, nítorí pé ohun tí mo kọ kò ṣeé kà sétí ìyá ẹni.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti rí i. Ẹ máa ní irú ọ̀rọ̀ báyìí, inú yàrá ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Inú yàrá la ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sì ṣe wá ní oore kankan. Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi gbé e sí gbangba, màá dé ibẹ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín pé dókítà tí kì í gún èèyàn lábẹ́rẹ́ ni mí. Láàárọ̀, mo máa ń rí àwọn aláìsàn tí họ́mónù ń dà láàmú. Họ́mónù ni ìránṣẹ́ tí ara ń rán kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń sọ fún ọkàn pé kó sáré, òun ló ń sọ fún ọmọdé pé kó ga. Lọ́sàn-án, mo máa ń lọ sí yàrá ìwádìí, níbi tí a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn oríṣiríṣi ìlú wò, láti mọ ohun tí ìdílé kan ń jogún, èyí tó ń fa àìsàn nínú rẹ̀ àti èyí tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun ló kún ibẹ̀. Tiwa kò tó nǹkan. Bí dókítà kan ní Ìbàdàn bá rí ohun àjèjì nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ Yorùbá, kò sí àkọsílẹ̀ tó lè fi í wé. Nítorí èyí ni mo ṣe dúró síhìn-ín láti bí ọdún mọ́kànlá, nínú òtútù tí ọyẹ́ tiwa kò tó ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, nínú ìlú tí ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán. Mo ń dá gbé. Bí inú bá bí mi, Yorùbá ni mo fi ń bínú, kò sì sí ẹni tó gbọ́.

Ẹ rántí bí mo ṣe wálé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. A tẹ́ tábìlì síwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kìíní, a tẹ́ ẹ sí iwájú mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ kejì. Àwọn èèyàn gun ọ̀kadà wá láti Akinmọ̀rín àti Ìmíní. Àwọn kan ń sọ pé a fẹ́ lọ ta ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹ̀yin lẹ sì dìde tí ẹ sọ fún wọn pé ọmọ tí ẹ fi ọmú bọ́ kò ní ta ẹnikẹ́ni. Nítorí yín ni wọ́n fi na apá. Fọ́ọ̀mù wà tí olúkúlùkù máa kọ: ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ìdílé rẹ kú lójijì, níbi ìrọbí tàbí níbi iṣẹ́ abẹ? Ǹjẹ́ àyà ẹnikẹ́ni máa ń já kìkì, tí orí á máa fọ́ ọ, tí òógùn á bò ó láìṣe pé oòrùn mú? Ẹ̀yin jókòó ní ìparí tábìlì pẹ̀lú báírò, ẹ ń bá àwọn àgbà tí kò mọ̀wé kọ tiwọn. Orí mi wú. Mo ya fọ́tò yín, mo sì fi í sórí ògiri ọ́fíìsì mi níbí, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé ti lè rí yín.

Kí a tó kúrò ní Fìdítì la ti yọ orúkọ gbogbo èèyàn kúrò lára fọ́ọ̀mù, tí a fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan ló tọ́jú orúkọ náà sínú àpótí tí èmi fúnra mi kò gbọdọ̀ ṣí. Òfin tó dára ni. Èmi náà wà lára àwọn tó ṣe é.

Ìgbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí la rí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará wa. Màá ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì yín. Nǹkan kékeré kan wà tó jókòó lórí kíndìnrín olúkúlùkù wa, òun ló ń tú họ́mónù ẹ̀rù sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń mú àyà já bí ejò bá gba iwájú ẹni kọjá. Ohun tí a rí yìí, bí èèyàn bá jogún rẹ̀, kókó lè hù sí ibẹ̀. Kókó náà á kàn máa tú họ́mónù ẹ̀rù jáde nígbà tó bá wù ú, láìsí ejò, láìsí ẹ̀rù. Àyà á máa já, orí á fẹ́ là, òógùn á bo aṣọ, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí obìnrin bá wà nínú ìrọbí, tàbí bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ kan èèyàn fún iṣẹ́ abẹ mìíràn láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀, onítọ̀hún lè kú kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, oògùn ọ̀sẹ̀ mélòó kan àti iṣẹ́ abẹ kan ló máa parí rẹ̀. Ó ní ìtọ́jú, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbi gbólóhùn yẹn kí ẹ tún un kà.

A ṣe ìpàdé lórí rẹ̀. Ọ̀gá mi gbé kọfí rẹ̀ síwájú, ó ní àwọn tó ní nǹkan yìí nínú ẹ̀jẹ̀ ní àgbègbè ìlú mi, òun ti wo fọ́ọ̀mù gbogbo wọn, kò sí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já nínú ìdílé wọn, kò sí ẹni tó kú lójijì. Ó ní a jẹ́ pé kò ṣe nǹkan kan fún irú àwọn èèyàn wa nìyẹn. Ó fẹ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ tí àwọn dókítà gbogbo ayé máa ń wò. Ṣé ẹ rí ohun tíyẹn túmọ̀ sí? Títí láé, bí ọmọ Ìlọrà kan bá gbé irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé iwájú dókítà, wọ́n á wo àkọsílẹ̀ yẹn, wọ́n á sì ní kó máa lọ sílé, ara rẹ̀ le. Mo bá a jiyàn gan-an. Ó bi mí pé ẹ̀rí wo ni mo ní tó tako ẹ̀rí tí èmi fúnra mi lọ kó wá. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Mo padà lọ sí ọ́fíìsì, mo ṣí ẹ̀dà àwọn fọ́ọ̀mù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí orúkọ lára wọn. Fọ́ọ̀mù mẹ́sàn-án ló kan ọ̀rọ̀ yìí, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló sì ní ‘Kò sí’ ní gbogbo ìlà. Kò sí. Kò sí. Kò sí. Báírò búlúù, àmì orí rẹ̀ pé pérépéré, ọ̀kan wálẹ̀, ọ̀kan gòkè, ẹsẹ̀ K yẹn sì ká sókè bí ìkọ́. Ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn ní ayé yìí, bí kò bá ṣe Tíṣà Fìdítì? Lára pátákó yín ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ K. Ẹ ti fi rúlà gbá mi lọ́wọ́ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí mi ò ká dáadáa.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo sunkún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbínú dé, kò sì tíì lọ.

Mo sọ fún ìgbìmọ̀ pé mo mọ ẹni tó ni ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ so orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ nọ́ńbà kankan. Mi ò so ó. Èèyàn púpọ̀ lẹ bá kọ fọ́ọ̀mù ní ọjọ́ méjèèjì yẹn, ará ilé yín àti ará ilé ẹlòmíràn, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, nítorí náà mi ò lè tọ́ka sí ẹnì kan kí n ní ìwọ ni. Ìdí nìyí tí lẹ́tà yìí fi wà ní gbangba. Ẹni tó bá rántí pé Tíṣà ló bá òun kọ fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ yẹn, kó mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni Títí pè mí. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní àwọn àna wa ní Akinmọ̀rín ti parí ìwádìí wọn, wọn kò rí wèrè, wọn kò rí wárápá, wọn kò rí ikú òjijì nílé wa, wọ́n sì ti mú ọjọ́ ìdána. Mo kí i kú oríire. Mo bi í pé báwo ni ara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ara le, àfi pé àyà òun kàn máa ń já nígbà mìíràn, tí òun bá jókòó jẹ́ẹ́ sí ọ́fíìsì òun ní Ọ̀yọ́, tí òógùn á sì bo òun débi pé òun ń mú búláòsì kejì lọ síbi iṣẹ́. Ó ní ẹ̀yin ti sọ pé wàhálà ìgbéyàwó ni, pé kó má sọ ọ́ síta títí ìdána á fi kọjá.

Mo wá bi í nípa ọjọ́ fọ́ọ̀mù. Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan pípamọ́ ni. Ó ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú lẹ wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrà, ẹ kó gbogbo ilé jọ sí pálọ̀ Bàbá Akin, ẹ sì sọ fún wọn pé ohunkóhun tí wọ́n bá bi wọ́n nípa ìdílé, èsì rẹ̀ ni kò sí. Ìgbà yẹn ni ìdílé ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Títí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè wa. Ẹ ní bébà kì í jókòó síbi tí wọ́n bá fi í sí.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, gbogbo wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió ni mò ń bi. Kí gan-an la ń wádìí? Bí ọmọ wa bá fẹ́ fẹ́yàwó, a ó rán àgbà méjì lọ wo ìdílé ìyàwó fínnífínní. Bí wọ́n bá wá wo tiwa, a ó ti kìlọ̀ fún àwọn ará ilé wa pé kí ẹnikẹ́ni má lanu. Àwa tí à ń purọ́ fún wọn la tún retí pé kí wọ́n sọ òótọ́ fún wa. Gbogbo wa jókòó yí irọ́ ká, a wọ aṣọ tó dára, a jẹun, a sì gbàdúrà pé kí ìyàwó bí wẹ́rẹ́.

Ìyá yín kò bí wẹ́rẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí mo wà ní kékeré: ọmọ wọn kẹta ni wọ́n ń rọbí rẹ̀, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, òógùn bò wọ́n, wọ́n sì jáde láyé. Àwọn èèyàn ní ayé ló ṣe wọ́n. Wọ́n bá obìnrin kan ládùúgbò jà nítorí ẹ̀. Obìnrin yẹn kò mọ nǹkan kan o.

Àǹtí Déborà ńkọ́, àbúrò yín, ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ yẹn? Ẹ máa rò pé mo ti gbàgbé. Mo wà ní ọdún kejì ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní yunifásítì nígbà náà, èmi lẹ ní kí n tẹ̀ lé yín lọ sí ilé ìwòsàn nítorí pé èmi ni dókítà ilé. Iṣẹ́ abẹ kékeré lásán ni wọ́n fẹ́ ṣe fún wọn. Dókítà béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ẹnikẹ́ni ti kú lójijì nínú ìdílé. Nọ́ọ̀sì tó dúró níbẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìmíní, ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ sì ní kò sí. Àǹtí Déborà kò jí mọ́. Mi ò lè búra pé dókítà náà ìbá ṣe nǹkan mìíràn ká ní ẹ sọ òótọ́. Bóyá ìbá wọn ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò fún un láyè láti gbìyànjú. Èmi náà sì dúró níbẹ̀. Mo gbọ́ yín, mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo wo bàtà mi. Ìbínú tí mò ń bí yìí, ìdajì rẹ̀ ni tiyín, ìdajì rẹ̀ ni tèmi.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló máa ń jókòó lórí àpótí ní ìdáná nínú ọyẹ́, tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀, tó ń ní kí a má bá òun sọ̀rọ̀ ná? Ṣé ẹ rò pé ọmọdé ni mí tí mi ò rí yín?

Mo gba ẹ̀jẹ̀ ara mi. Kò sí òfin tó ní kí n má ṣí àpótí tèmi. Ó wà níbẹ̀, Màmá. Wọ́n ya fọ́tò inú mi, kókó kan wà lórí kíndìnrín òsì, kò tóbi ju ẹ̀pà lọ. Mo ti ń lo oògùn rẹ̀, wọn yóò sì yọ ọ́ lọ́sẹ̀ méjì sí i. Ẹ má sunkún, ẹ má sì pe àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà jọ kí ẹ tó ka ìyókù lẹ́tà yìí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, nọ́ọ̀sì bi mí ní ìbéèrè náà, bóyá ẹnikẹ́ni ti kú lójijì nínú ìdílé mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá ìyá mi, àti àbúrò ìyá mi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Gbogbo ohun tí a ti ń bẹ̀rù láti àìmọye ọdún wá, kò gbà ju ìlà méjì nínú ìwé rẹ̀ lọ.

Mo gbé èsì tèmi lọ bá ọ̀gá mi. Ó ka gbogbo rẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ó ní ẹnì kan kò tó láti fi yí àkọsílẹ̀ padà. Ó ní òun yóò dúró títí òtútù yìí á fi lọ, bóyá àwọn tó wà ní ilé á fúnra wọn jáde wá, tí wọ́n á tún fọ́ọ̀mù wọn kọ. Bí wọn kò bá jáde, ohun tí ẹ kọ ló máa dúró, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ nìyí. Kí ìdána tó dé, kí Títí lọ sí Ìbàdàn. Mo ti bá dókítà kan níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń retí Títí àti ẹ̀yin náà. Bí ọmọkùnrin Akinmọ̀rín yẹn bá fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, á tẹ̀ lé e lọ. Bí ó bá sá, ẹ jẹ́ kó sá nísinsìnyí tí Títí ṣì lè sunkún kó sì nu ojú rẹ̀. Ẹ tún wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrà. Ẹ kó wọn jọ sí pálọ̀ kan náà, ẹ sì kó ọ̀rọ̀ yín padà lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ dúró síwájú mọ́ṣáláṣí, bí ẹ ṣe dúró lọ́jọ́ tí ẹ ní mi ò ní ta wọ́n. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n máa gbọ́ tiyín. Wọn kò mọ̀ mí mọ́. Ẹ̀yin ni wọ́n mọ̀.

Mo fi fọ́ọ̀mù tuntun ránṣẹ́ sí yín. Tiyín ló wà lókè pátápátá. Ìbéèrè kìíní ṣì ni ti tẹ́lẹ̀. Ẹ mú báírò yín, ẹ kọ orúkọ ìyá yín síbẹ̀, ẹ kọ ti Àǹtí Déborà sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ‘Bẹ́ẹ̀ ni’, kí ẹ fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i bí ẹ ṣe kọ́ wa.

Inú ṣì ń bí mi. Mo sì nífẹ̀ẹ́ yín débi pé ó ń dùn mí ní egungun. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Ẹ ó fi ọwọ́ ara yín gbé ọmọ Títí lọ́jọ́ ìkómọ, Títí náà á sì wà láàyè láti gbà á padà lọ́wọ́ yín. Ẹ bá mi kí Bàbá Akin, ẹ ní kí wọ́n má bínú sí mi jù. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé ní Ìlọrà, ẹ kí gbogbo Fìdítì, ẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè mi, àti ẹni tí kò ní béèrè mi mọ́ nítorí lẹ́tà yìí.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé,

Fọlákẹ́.